"Fast" lára aró: ti ìyára kọ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹnìkan wa tó ń túmọ̀ ìwé ìlànà pélébé fún àwọn aláró béèrè ohun tí a ó pe "fast dye", ìyẹn aró tí kì í kúrò lára aṣọ, ní Yorùbá. Òun fúnra rẹ̀ ti kọ "aró ayára" sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kan ní kó jẹ́ "aró adúróṣinṣin", ẹlòmíràn dá "aró aláìṣí" lábàá. Abẹ́òkúta ni mò ń gbé, ọjà àdìrẹ Ìtòkú ni mò ń gbà kọjá lọ síbi iṣẹ́, ọ̀rọ̀ yìí sì ká mi lára.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé "aró ayára" kúrò nílẹ̀, nítorí ó lè ba iṣẹ́ oníṣẹ́ jẹ́. Ẹni tó bá kà á yóò rò pé aró náà kì í pẹ́ mú aṣọ, yóò sì fa aṣọ yọ kó tó tó àsìkò. Ẹni tó bá ti dúró ti ìkòkò aró èlú mọ̀ pé kì í ṣe iṣẹ́ ìkánjú. Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fa aṣọ jáde, àwọ̀ ewé ló máa ń ní. Atẹ́gùn ló ń sọ ọ́ di aró lójú ẹni, díẹ̀díẹ̀. Wọ́n á tún rì í, wọ́n á tún fẹ́ ẹ sí atẹ́gùn, títí yóò fi dúdú tó bí wọ́n ṣe fẹ́.

Ní èdè Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, ohun tó le, tó dúró gbagidi, ni wọ́n ń pè ní "fast". Ibẹ̀ ni àwọn ìtumọ̀ rẹ̀ yòókù ti yọ. Ẹni tó ń sáré kíkankíkan ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà ṣàpèjúwe, nígbà tó yá ó di ọ̀rọ̀ ìyára. Ẹni tó di òfin mú ṣinṣin, tó kó ara rẹ̀ níjàánu lórí oúnjẹ, ni wọ́n ní ó ń "fast", ó wá di ọ̀rọ̀ ààwẹ̀. Kódà "breakfast" tí wọ́n ń pe oúnjẹ àárọ̀, ìṣínu ni láti ìpìlẹ̀.

Àwa kò kó gbogbo rẹ̀ sábẹ́ ọ̀rọ̀ kan. Ọmọ sùn fọnfọn. Ilẹ̀kùn tì pinpin. Àtè lẹ̀ mọ́ ọwọ́ típẹ́típẹ́. "Ẹ dúró ṣinṣin ní ìgbàgbọ́," ni Bíbélì wí. "Fast" kan náà ni Gẹ̀ẹ́sì lè lò níbi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Nítorí náà, kí ẹ tó wá orúkọ fún un, ẹ bi í léèrè pé kí ló dì mú.

Adúróṣinṣin, ènìyàn ni à ń pè bẹ́ẹ̀, ẹni tí kì í yẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀. N kò tíì gbọ́ ọ lẹ́nu aláró kan rí. Ti "aláìṣí" ló dùn mí jù, nítorí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ẹ pè é bí ọ̀pọ̀ ará Ìbàdàn àti Ọ̀yọ́ ṣe ń pè é, tí "ṣ" ń di "s" lẹ́nu wọn: "aró aláìsí". Olóògbé nìyẹn! Ta ni yóò ra aró bẹ́ẹ̀?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo dúró ní ìsọ̀ ìyá kan ní Ìtòkú. Mo ní, "Ìyá, ṣé èyí ò ní ṣí?" Kò dá mi lóhùn. Ó ki etí aṣọ funfun kan bọ omi, ó fi ra etí àdìrẹ náà, ó ṣí i hàn mí: funfun ṣì ni. Ó wá ní, "Kì í ṣí, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n má sá a sí oòrùn ọ̀sán gangan, kó má baà ṣá."

Ẹ gbọ́ bí ó ṣe pín in? Omi ló ń mú kí aró ṣí, oòrùn ló ń mú kí àwọ̀ ṣá. Gẹ̀ẹ́sì á ní ó "fast" lójú omi, ó "fast" lójú ìmọ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe méjì ló wà lọ́wọ́ tiwa, ọjà sì ń ná wọn lójoojúmọ́. Nígbà tí míṣọ́nárì Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ ìwé tó pè ní Ìwé Ìròyìn ní Abẹ́òkúta níhìn-ín ní 1859, ìwé àti ìròyìn, kò sí èyí tó ṣàjèjì sí Ẹ̀gbá nínú orúkọ náà. Irú rẹ̀ ni mo fẹ́.

Èmi ò ní dá orúkọ kankan sílẹ̀. Gbólóhùn ni màá kọ sínú ìwé náà: "Aró yìí kì í ṣí bí a bá fọ aṣọ, oòrùn kì í sì í mú kó ṣá." Bí ó bá jẹ́ ti omi nìkan ni ilé iṣẹ́ tó ṣe aró náà ń wí, kí olùtumọ̀ yọ apá kejì kúrò. Kó béèrè lọ́wọ́ wọn ná.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Òṣogbo, èyí tó máa ń dà sínú omi nígbà tí a bá kọ́kọ́ fọ aṣọ, tí kì í sì í dà mọ́ lẹ́yìn náà, kí ni àwọn aláró yín ń pè é?