Fífẹsẹ̀ rin Camino de Santiago: ọjọ́ mélòó, ẹrù mélòó, ẹsẹ̀ ńkọ́?

Arìnnàkore: Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará. Mo fẹ́ fẹsẹ̀ rin Camino Francés, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà ìrìn-àjò mímọ́ Camino de Santiago, lóṣù Karùn-ún, láti Saint-Jean-Pied-de-Port ní Faransé dé Santiago ní Spéènì. Ó tó nǹkan bíi kìlómítà 780. Ọjọ́ mélòó ni kí n yà sọ́tọ̀? Kí lẹrù mi ò gbọdọ̀ jù? Ẹsẹ̀ ló ń bà mí lẹ́rù jù.

Ọmọ Ìdànrè: Ẹ ya ọjọ́ 35 sọ́tọ̀, kí ẹ lè rí ọjọ́ mẹ́ta sinmi. Ọjọ́ kìíní ló le jù: nǹkan bíi kìlómítà 25 dé Roncesvalles, ẹ ó pọ́nkè láti bíi mítà 170 dé bíi 1,430, kí ẹ tó máa sọ̀ kalẹ̀. Sísọ̀ kalẹ̀ yẹn gan-an ló ń ba orúnkún jẹ́. Ẹ mú ọ̀pá méjì dání. Ẹ lè pín ọ̀nà náà sí méjì, kí ẹ sùn ní Orisson, ilé àlejò kan lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n ibùsùn ibẹ̀ ò pọ̀, ẹ tètè gbà á sílẹ̀. Ẹni tó wọn kílò 70, kí ẹrù rẹ̀ má ju kílò 7 lọ, láìka omi.

Adérìn: Ẹ gbàgbé ẹwà bàtà. Ẹsẹ̀ máa ń wú, nítorí náà kí àyè ìbú àtàńpàkò kan wà níwájú ọmọ ìka yín, kí ẹ sì ti fi bàtà náà rìn dáadáa nílé. Ìbọ̀sẹ̀ onírun àgùntàn ni kí ẹ wọ̀. Ti òwú máa ń mu òógùn sára, awọ ẹsẹ̀ á rọ̀, bàtà á sì máa ha á títí yóò fi di ìléròrò. Bí ojú kan bá ti ń ta yín, ẹ dúró lójú ẹsẹ̀, ẹ bọ́ bàtà, ẹ nu ibẹ̀ gbẹ, ẹ lẹ plásítà mọ́ ọn. Ẹ má sọ pé ó di abúlé tó kàn! Bó bá ti gbomi, tó sì ń dùn yín, ẹ fi spírítì nu abẹ́rẹ́, ẹ gún un létí, ẹ tẹ omi jáde, ẹ má bó awọ rẹ̀. Àwọn kan máa ń fi òwú ìránṣọ sílẹ̀ nínú rẹ̀. Kò dáa, ojú òwú yẹn ni kòkòrò ń gbà wọlé.

Arìnnàkore: Ẹ ṣé gan-an. Bí ìsinmi ibiṣẹ́ ò bá ju ọ̀sẹ̀ kan lọ ńkọ́?

Ọmọ Ìdànrè: Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Sarria, bíi kìlómítà 115, ọjọ́ 5 tàbí 6. Ó kọjá kìlómítà 100 tí wọ́n ń béèrè fún Compostela, ìwé ẹ̀rí tí wọ́n ń fún ẹni tó bá rìn dé Santiago. Ṣùgbọ́n òǹtẹ̀ méjì lójúmọ́ ni kí wọ́n tẹ̀ sínú credencial yín (ìwé tí arìnrìn-àjò ń mú dání fún òǹtẹ̀), pẹ̀lú déètì. Ilé àwọn arìnrìn-àjò, ṣọ́ọ̀ṣì, ilé kọfí, gbogbo wọn ló ní òǹtẹ̀.