Kí ló dé tí afẹ́fẹ́ Delhi ń mọ́ lásìkò òjò, tó sì ń burú tó bá di oṣù kọkànlá?

Ìbéèrè
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ìlú kan náà ni Delhi, ọkọ̀ ń rìn níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin. Kí ló wá ń jẹ́ kí AQI rẹ̀ (òǹkà tó ń sọ bí afẹ́fẹ́ ṣe dọ̀tí tó; bó bá ṣe ga tó ló ṣe burú tó) wà nísàlẹ̀ 100 lọ́pọ̀ ọjọ́ nínú oṣù kẹjọ, kó sì kọjá 400 nínú oṣù kọkànlá? Ṣé àwọn àgbẹ̀ tó ń sun oko ní Punjab, ìpínlẹ̀ Íńdíà kan lápá àríwá-ìwọ̀-oòrùn Delhi, ló fà á ni? Ẹni tí mímí ò rọrùn fún, tó sì gbọ́dọ̀ gbé ibẹ̀, ìgbà wo ló yẹ kó ṣí fèrèsé?

Ìdáhùn 1
Ibi tí Delhi tẹ̀dó sí ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Inú pẹ̀tẹ́lẹ̀ ni, ó jìnnà réré sí òkun. Òkè Himalaya dí i lápá àríwá, aginjù Thar sì wà lápá ìwọ̀-oòrùn. Mumbai ní afẹ́fẹ́ òkun tó ń fẹ́ wọlé lọ́sàn-án, ti ilẹ̀ a sì fẹ́ jáde lóru. Delhi ò ní irú rẹ̀.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni bí àyè tí èéfín ní ṣe ga tó. Nígbà ooru, oòrùn máa ń mú ilẹ̀ gbóná, afẹ́fẹ́ gbígbóná a gbé èéfín lọ sókè kọjá 2,000 mítà. Lóru ìgbà òtútù, ojú ọ̀run mọ́ kedere, ilẹ̀ sì ń tètè tutù. Afẹ́fẹ́ tútù a wà nísàlẹ̀, èyí tó móoru a wà lókè rẹ̀, a sì dé e mọ́lẹ̀ bí ọmọrí ṣe ń dé ìkòkò. Àyè náà lè má tó 200 mítà. Èéfín tó ń tàn ká 2,000 mítà, tí ẹ bá há a mọ́ 200, ìlọ́po mẹ́wàá ni, bí ọkọ̀ kankan ò tiẹ̀ lé sí i. Atẹ́gùn tún máa ń rọlẹ̀ lásìkò yìí, kò sí ohun tó máa gbá a lọ.

Ìdáhùn 2
Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ àwọn àgbẹ̀, àmọ́ kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Lọ́dún 2009, ìjọba Punjab ṣòfin pé kí ẹnikẹ́ni má gbin ìrẹsì sínú oko kó tó di ọjọ́ 10 oṣù kẹfà, kí omi abẹ́ ilẹ̀ má bàa gbẹ. Wọ́n tún sún ọjọ́ náà síwájú lẹ́yìn ìgbà yẹn. Ìkórè wá bọ́ sí òpin oṣù kẹwàá, bẹ́ẹ̀ àlìkámà gbọ́dọ̀ wọlẹ̀ kí oṣù kọkànlá tó jìnnà. Ẹ̀rọ ìkórè ń fi ìdí ìrẹsì sílẹ̀ lóròó, ìṣáná ló sì yá jù láti fi palẹ̀ rẹ̀ mọ́. Atẹ́gùn ìgbà yẹn ń fẹ́ láti àríwá-ìwọ̀-oòrùn, ó ń gbé èéfín bọ̀ ní Delhi tààrà. Ẹ̀rọ Happy Seeder lè gbin àlìkámà sáàárín ìdí ìrẹsì náà láìdáná rárá.

Ṣùgbọ́n tó bá di oṣù kejìlá, iná oko ti kú, afẹ́fẹ́ ò sì tíì dáa. Ọkọ̀, ilé iṣẹ́, ibi tí wọ́n ti ń sun bíríkì, àti igi tí àwọn èèyàn ń dá láti yáná, gbogbo wọn wà níbẹ̀ lábẹ́ ọmọrí yẹn. Ó dùn mí pé àgbẹ̀ nìkan ni wọ́n ń di gbogbo ẹ̀bi rù lọ́dọọdún.

Ìdáhùn 3
Ní ti fèrèsé: nígbà òtútù, ẹ ṣí i láti nǹkan bí aago kan sí mẹ́rin ọ̀sán, ẹ tì í kí oòrùn tó wọ̀. Láti ìrọ̀lẹ́ títí di aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ló burú jù, ẹni tó ń sáré ìdárayá nídàájí ń fa èyí tó nípọn jù símú.

Ẹ má gbára lé AQI nìkan. Ìpíndọ́gba wákàtí 24 ni, ti òru àná ṣì wà nínú rẹ̀. PM2.5 (àwọn èérún tó kéré gan-an nínú afẹ́fẹ́) ti wákàtí yẹn gan-an ni kí ẹ wò. Ẹ rántí pé AQI 100 ti Íńdíà túmọ̀ sí 60 máíkírógíráàmù PM2.5 nínú mítà oníhà mẹ́ta afẹ́fẹ́ kan, nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) ní 15 ni kó mọ fún ọjọ́ kan. Láti oṣù kẹrin sí kẹfà, eruku aginjù ló ń ṣọṣẹ́ jù: PM10 (èyí tó ka èérún tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ mọ́ ọn) á lọ sókè gan-an, PM2.5 ò ní tó bẹ́ẹ̀.

Ìbomú aláṣọ kò wúlò. N95, ìbomú tó ń sẹ́ èérún kéékèèké, ni kí ẹ lò, kó sì lẹ̀ mọ́ ojú dáadáa, torí irùngbọ̀n ń jẹ́ kó jò. Tí ẹ bá fẹ́ ra ẹ̀rọ tó ń fọ afẹ́fẹ́ inú ilé mọ́, tó ní asẹ́ HEPA (asẹ́ tó ń mú èérún kéékèèké), ẹ ṣírò ìwọ̀n yàrá: mítà 4 × 3.5 × 3 jẹ́ 42. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po márùn-ún, kí ẹ̀rọ náà lè fọ afẹ́fẹ́ yàrá lẹ́ẹ̀marùn-ún ní wákàtí, ìyẹn 210 mítà oníhà mẹ́ta ní wákàtí kan. Ẹ̀rọ tí CADR rẹ̀ (ìwọ̀n afẹ́fẹ́ mímọ́ tó ń tú jáde ní wákàtí kan) kéré sí i kò ní ká yàrá náà. Ẹ fi aṣọ dí abẹ́ ilẹ̀kùn.

Ẹni tó béèrè
Ẹ ṣeun púpọ̀. Bí òjò bá rọ̀ nínú oṣù kìíní, ṣé kò ní fọ̀ ọ́ mọ́?

Ìdáhùn 1
Ó sinmi lórí bó ṣe rọ̀. Òjò ìgbà òtútù ń bá ìjì tó ń ti apá òkun Mediterranean wá, wọ́n ń pè é ní western disturbance. Bó bá rọ̀ dáadáa, tí atẹ́gùn sì tẹ̀lé e, afẹ́fẹ́ á mọ́ fún ọjọ́ díẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ó kàn wínní lásán, ọ̀rinrin á pọ̀, àwọn èérún èéfín á fa omi mọ́ra, á sì wú. Kùrukùru tó nípọn ló máa ń tẹ̀lé ìyẹn láàárọ̀ ọjọ́ kejì.