Kí la lè máa sè lálẹ́, èmi àti ọkọ mi?

Ẹ kú ilé o. Àwa méjì péré la wà nílé n'Ìbàdàn níbí, ìrẹsì àti ọbẹ̀ ata lójoojúmọ́, ó ti sú wa. Mo máa ń pẹ́ dé láti ibi iṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, kí la tún lè sè?

— Àǹtí mi, ẹ lọ ata ní Sátidé, ẹ sè é kí omi ẹ̀ gbẹ, ẹ pín in sí ike mẹ́rin sínú fíríìsà. Mọ́ńdè, àmàlà àti ewédú. Ọjọ́ kejì, àsáró, ẹ jẹ́ kíṣu ẹ̀ fọ́ díẹ̀ kí epo wọnú ẹ̀ kẹ́ ẹ wá da ẹja gbígbẹ sí i, mo fẹ́ràn ẹ̀ gan-an.

— Ẹ̀wà àti dòdò ńkọ́? Ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí, ẹ fi ìkọ́kọrẹ́ kún un: ẹ rin ewùrà, ẹ fọwọ́ bù ú díẹ̀díẹ̀ sínú ọbẹ̀ tó ń hó, ẹ má tètè rò ó o, kó lè ní kókó.

— Fúráìdè, mọ́ínmọ́ín àti ẹ̀kọ tútù.

— Ẹ ṣé gan-an ni! Ọkọ mi ti lọ ra iṣu, àsáró ni tòní.