Ibo ló yẹ kí n fi rose joint (oríkèé irin oníyẹrí roboto tó ní eyín bíi ti bóólùtù) sí lára ẹsẹ̀ iwájú mọ́tò tí mò ń fọwọ́ ara mi kàn?

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ìlú Ọba ni mo wà. Láti ọdún tó kọjá ni mo ti ń kan mọ́tò kékeré alájókòó méjì nínú gáréèjì mi, irú èyí tí wọ́n ń pè ní Locost, tó jọ Lotus Seven tí Colin Chapman gbé jáde lọ́dún 1957. Páìpù onígun mẹ́rin mílímítà 25, tí ara rẹ̀ nípọn ní mílímítà 1.6, ni mo fi jó ṣaasí. Upright Ford Cortina, ìyẹn irin tí táyà iwájú ń yí lára rẹ̀, ni mo rà síwájú.

Ẹsẹ̀ iwájú ló wá ń dà mí lọ́kàn rú. Mo fẹ́ fi rose joint sí orígun gbogbo apá wishbone, ìyẹn apá onígun mẹ́ta tó so upright mọ́ ṣaasí, òkè àti ìsàlẹ̀, torí pé ó ṣeé yí láti fi tún ìdúró táyà ṣe. Etí tí apá máa so mọ́ ńkọ́? Etí kan ṣoṣo ni mo rò pé kí n jó mọ́ páìpù, kí n ti bóólùtù bọ̀ ọ́. Ajórin kan tí mo sanwó fún ti ṣe apá ìsàlẹ̀ méjèèjì báyẹn, ó ní kò séwu. Ṣùgbọ́n ọkàn mi ò balẹ̀. Ọmọ mi, ọmọ ọdún 13, ti ń sọ pé òun lòun máa kọ́kọ́ jókòó ti mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Bàbá Ìbejì: Ẹ kú iṣẹ́ ọwọ́, bọ̀dá mi. Ẹ má tíì jó nǹkan kan o! Mẹkáníìkì ni mí ní Mushin, mo sì ti rí bọ́ọ̀lù-jọ́ìntì ìsàlẹ̀ (oríkèé tó so apá mọ́ upright) tó já lójú ọ̀nà: táyà á ṣubú síta, mọ́tò á fi imú gbálẹ̀. Ẹ ṣe etí méjì, kí báṣì (òrùka rọ́bà tí bóólùtù ń gba inú rẹ̀ kọjá) wà láàárín wọn. Tó bá jẹ́ etí kan, bóólùtù á dà bí ẹ̀ka igi tí èèyàn so rọ̀ mọ́, yóò máa tẹ̀ ni. Tó bá jẹ́ méjì, ibi méjì ló ti ń gba ẹrù.

Àǹtí Ẹnjiníà: Òótọ́ ni Bàbá Ìbejì sọ. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ká ní mọ́tò àtẹni méjì inú rẹ̀ wọn kílógíráàmù 700. Tẹ́ ẹ bá tẹ bíréèkì dáadáa, iwájú á gba nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta. Ọ̀nà á wá máa ti táyà iwájú kọ̀ọ̀kan sẹ́yìn pẹ̀lú agbára bíi newton 2,300. Ká ní bọ́ọ̀lù-jọ́ìntì ìsàlẹ̀ fi mílímítà 170 ga ju ilẹ̀ lọ, kí tòkè fi 400 ga. Ẹ sọ 2,300 di ìlọ́po 400, ẹ fi 230 tó wà láàárín oríkèé méjèèjì pín in: newton 4,000 ló máa fa tìsàlẹ̀ sẹ́yìn, tòkè á sì gba 1,700 síwájú. Kòtò ò tíì dá sí i o.

Ṣọ́kù ló wá ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Apá ìsàlẹ̀ ló ń gbé e. Táyà ń ti apá náà sókè láti ìta, ṣọ́kù ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ láàárín, apá yẹn á fẹ́ ṣẹ́ po. Rose joint lè gba kí wọ́n fà á, ó lè gba kí wọ́n tì í, ṣùgbọ́n kò gba kí wọ́n ṣẹ́ ẹ po. Ibi tí wọ́n gé eyín sí lára rẹ̀ ni yóò ti là, kì í sì í kìlọ̀ kó tó já. Ẹ má fi sí ìta apá ìsàlẹ̀ láé. Bọ́ọ̀lù-jọ́ìntì tí wọ́n ṣe fún mọ́tò gidi ni kẹ́ ẹ fi síbẹ̀, kẹ́ ẹ sì gbé ẹsẹ̀ ṣọ́kù sún mọ́ ọn bó bá ṣe lè ṣeé ṣe tó. Apá òkè ò gbé ṣọ́kù, ibẹ̀ lẹ lè fi ohun tó ṣeé yí sí.

Oníbéèrè: Ẹ ṣé gan-an, Àǹtí. Nínú, lọ́dọ̀ ṣaasí, ṣé báṣì ló dáa jù?

Ajórin Kent: Báṣì ni, bọ̀dá. Òjò àti iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì níbí nígbà òtútù máa ń jẹ rose joint tí kò ní rọ́bà lára. Ẹ lo báṣì polyurethane (irú ike líle kan tó dà bíi rọ́bà), kí páìpù irin inú rẹ̀ gùn ju báṣì lọ díẹ̀. Páìpù yẹn ni etí méjèèjì máa fún pọ̀ tẹ́ ẹ bá mú bóólùtù le. Báṣì ló ń yí lórí páìpù, bóólùtù ò gbọdọ̀ yí.

Bóólùtù M12 (oní-mílímítà 12), oní-8.8 (nọ́ńbà agbára irin rẹ̀), ni kẹ́ ẹ lò, kí ibi tó dán lára rẹ̀ wà nínú etí, kì í ṣe eyín rẹ̀. Nọ́ọ̀tì Nyloc, tó ní ike nínú kó má bàa tú, ni kẹ́ ẹ fi dè é. Irin mílímítà 3 tó fún etí. Ẹ má jó o mọ́ àárín páìpù o, ara rẹ̀ fẹ́lẹ́. Ibi tí páìpù bíi mẹ́ta ti pàdé ló lè gba ẹrù.

Àǹtí Ẹnjiníà: Kẹ́ ẹ tó jó o pa, ẹ yọ ṣọ́kù kúrò, kẹ́ ẹ gbé táyà sókè sódò títí dé òpin. Tó bá ń dojú kọ ọ̀tún tàbí òsì fúnra rẹ̀, a jẹ́ pé tairọ́ọ̀dù (ọ̀pá tó ń yí táyà) ò bá apá mu, ẹ gbé steering rack, ìyẹn irin tí tairọ́ọ̀dù so mọ́, sókè tàbí sísàlẹ̀ títí táyà ò fi ní yà mọ́.

Oníbéèrè: Ẹ̀yin ará mi, mo dúpẹ́. Mo ti gbé apá ìsàlẹ̀ tájorin yẹn ṣe sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, n ò ní lò ó. Lọ́jọ́ Sátidé ni mo máa gé etí tuntun, méjì-méjì. Màá fi ìgbálẹ̀ mú un dúró ná, màá gbé táyà sókè sódò kí n tó jó o.

Bàbá Ìbejì: Ìgbálẹ̀ kẹ̀? Ẹ fi clamp dì í mú, bọ̀dá mi, kẹ́ ẹ sì jó o díẹ̀díẹ̀ níbi mẹ́rin kó má bàa yẹ̀.