Ẹni tó farapa láàárín eré: kó dúró parí rẹ̀ ni, àbí kó máa lọ?

Ọmọ Mọ́kọ́lá:

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin olólùfẹ́ tẹ́níìsì. Ọ̀rọ̀ kan wà tí èmi àti àbúrò mi ò tíì rí bá yanjú láti oṣù Keje ọdún 2025. Ẹ rántí Wimbledon ọdún yẹn, ìpele kẹrin, Grigor Dimitrov àti Jannik Sinner. Sinner ni nọ́ńbà kìíní lágbàáyé nígbà náà. Dimitrov, ọmọ ọdún 34, ti gba sẹ́ẹ̀tì méjì lọ́wọ́ rẹ̀, 6-3, 7-5. Bó ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ yẹn, mi ò rí i kó gbá a bẹ́ẹ̀ rí. Ó wá sáàfù kan tí Sinner ò lè fọwọ́ kàn, géèmù di 2-2 nínú sẹ́ẹ̀tì kẹta. Kí n tó pàtẹ́wọ́, ó ti di àyà ọ̀tún mú, ó ti wà nílẹ̀. Sinner sọdá wá bá a. Nígbà tí àwọn oníṣègùn wò ó tán, omijé ló wà lójú rẹ̀. Ó bọ Sinner lọ́wọ́, ó parí.

Sẹ́ẹ̀tì kan péré ló kù fún un láti borí! Àbúrò mi ní kò yẹ kó lọ. Ó ní kó máa rọra ti bọ́ọ̀lù sọdá, bóyá Sinner á ṣàṣìṣe, torí Sinner náà ti fi ìgbọ̀nwọ́ ṣubú ní géèmù àkọ́kọ́. Ó tún ní ìdíje ńlá (Grand Slam) márùn-ún léra wọn ni Dimitrov ti fi sílẹ̀ láàárín báyẹn. Òótọ́ sì ni. Àmọ́ lójú tèmi, ohun tó ṣe tọ́. Ẹ̀yin ńkọ́?

Bàbá Oníráákẹ́ẹ̀tì:

Ọmọ mi, mo ti ń tẹ̀ lé eré yìí kí wọ́n tó bí ẹ. Mo gbọ́ ọ lórí rédíò lọ́jọ́ tí Nduka Odizor tiwa na Guillermo Vilas ní Wimbledon, 1983, lẹ́yìn tí Vilas ti kọ́kọ́ gba sẹ́ẹ̀tì méjì. Nítorí náà, mi ò gbà pé eré ti parí títí ó fi parí. Roger Federer gbá eré tó lé ní 1,500, kò fi ẹyọ kan sílẹ̀ láàárín rí. Ẹ̀yìn máa ń dùn ún, orúnkún máa ń dùn ún, á sì dúró kí wọ́n nà án tán. Ọ̀wọ̀ nìyẹn.

Ìyá Kọ́lá, Peckham:

Bàbá ti gbẹnu mi sọ̀rọ̀. Ẹni tó farapa nìkan ni gbogbo èèyàn máa ń káàánú. Ta ló ń káàánú ẹni tó dúró lódìkejì àwọ̀n?

Ẹ jẹ́ ká lọ sí Melbourne, níbi Australian Open, àṣekágbá àwọn obìnrin, 2006. Ó ti pẹ́ tí àwọn èèyàn ti ń pe Amelie Mauresmo lójo, pé ẹ̀rù ife ńlá ń bà á. Ó ń lu Justine Henin 6-1, 2-0. Ni Henin bá ní inú ń run òun, oògùn tí òun ń lò fún èjìká ló fà á, ó jókòó. Kò tó wákàtí kan! Ife ńlá àkọ́kọ́ tí Mauresmo máa gbà láyé rẹ̀ nìyẹn, kò sì rí bọ́ọ̀lù ìkẹyìn gbá. Kim Clijsters náà ti fi tiẹ̀ sílẹ̀ fún un ní sẹ́mí, nítorí ọrùn ẹsẹ̀ tó ń dùn ún. Géèmù mẹ́rin péré ló kù fún Henin láti pàdánù. Ṣé kò lè fara dà á fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ọmọ ọlọ́mọ lè ju ọwọ́ sókè kó yọ̀?

Ẹni tó bá sì mọ̀ pé ara òun ò yá, kó má tilẹ̀ jáde wá. Láti 2018, àwọn ìdíje ńlá ti ń san ìdajì owó ìpele àkọ́kọ́ fún ẹni tó bá tètè sọ pé òun ò lè gbá a, kí ẹlòmíràn lè bọ́ sí ipò rẹ̀.

Físíò Abẹ́òkúta:

Ẹ jọ̀ọ́, ìrora ju oríṣi kan lọ. Pajápajá máa ń kọjá lọ, ìdí nìyẹn tí òfin ò fi fún un ní àkókò ìtọ́jú, àfi nígbà tí wọ́n bá ń pààrọ̀ ẹ̀gbẹ́. Ti Dimitrov kì í ṣe pajápajá. Iṣan àyà ọ̀tún rẹ̀ ló ya, iṣan yẹn ló sì ń fa apá wá síwájú téèyàn bá ń sáàfù. Ìṣẹ́jú mẹ́ta tí òfin fún ẹni tó farapa fún ìtọ́jú ò lè rán iṣan pọ̀. Bó bá tún fi ipá lò ó, èyí tó ya díẹ̀ lè já pátápátá. Oògùn ìrora náà kì í wo nǹkan kan sàn níbẹ̀, ó kàn ń pa á lẹ́nu mọ́ ni.

Àpẹẹrẹ ẹni tó dúró rèé: Nadal, Wimbledon 2022. Iṣan ikùn rẹ̀ ya, bàbá rẹ̀ àti àbúrò rẹ̀ obìnrin ń ju ọwọ́ sí i láti ìjókòó wọn pé kó máa bọ̀. Ó kọ̀. Ó gbá sẹ́ẹ̀tì márùn-ún, ó na Taylor Fritz. Lọ́jọ́ kejì ó ní òun ò lè gbá sẹ́mí mọ́. Nick Kyrgios wọ àṣekágbá láìgbá bọ́ọ̀lù kan. Ta ni ìdúró yẹn wá ṣe lóore? Fritz ti jáde nínú ìdíje nígbà yẹn.

Ọmọ Mọ́kọ́lá:

Ìyá Kọ́lá, ẹ ṣeun, ọ̀rọ̀ Mauresmo yẹn wọ̀ mí lára. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí mo fi wà níbi tí mo wà.

Ọmọ ọdún 26 ni mí nígbà náà, mo wọ àṣekágbá ẹgbẹ́ wa ní Ìbàdàn. Mo yí padà lójijì lórí sìmẹ́ǹtì, orúnkún òsì mi dún bí ìgbà téèyàn ṣẹ́ igi gbígbẹ. Mo wo kóòṣì mi. Ó ní kí n fi báńdéèjì wé e. Àwọn tó jókòó yíká ń kígbe pé ọkùnrin ni mí. Mo gbá sẹ́ẹ̀tì kan àti ààbọ̀ sí i lórí orúnkún yẹn, mo sì gba ife. Kò ga ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ.

Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà ni ìdáná mi. Alága ìjókòó ní kí ọkọ ìyàwó dọ̀bálẹ̀ fún àwọn àna rẹ̀. Orúnkún ò ká. Àwọn ọ̀rẹ́ mi méjì ló dì mí ní apá mú tí wọ́n rọra tẹ́ mi sílẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì, wọ́n tún gbé mi dìde. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kejì, ìyá ìyàwó mi dìde lórí àga, ó ní kí wọ́n fi ọmọ òun sílẹ̀, ó ti tó. Ẹkún ló fi sọ ọ́.

Ní January 2025, nígbà tí àwọn òǹwòran ń hó lé Djokovic lórí ní Melbourne nítorí ó fi sẹ́mí sílẹ̀ lẹ́yìn sẹ́ẹ̀tì kan, tí Zverev tó borí fi ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dákẹ́, orúnkún yẹn ni mo gbá mú níbi tí mo jókòó sí.

Ìyá Kọ́lá, Peckham:

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Mi ò mọ̀ rárá. Mi ò tíì lè dárí ji Henin ṣá, àmọ́ inú mi dùn pé lọ́dún yẹn náà ni Mauresmo tún pàdé rẹ̀ ní àṣekágbá Wimbledon, tí Henin gba sẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́, tí Mauresmo fi gba méjì tó kù, tó sì gbá bọ́ọ̀lù ìkẹyìn fúnra rẹ̀. Orúnkún yín ńkọ́ báyìí?

Ọmọ Mọ́kọ́lá:

Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Dọ́bù ni mo ń gbá báyìí láràárọ̀ Sátidé. Ẹnìkejì mi ń mú ẹ̀yìn, èmi ń mú iwájú àwọ̀n. Tó bá ti ń gbóná, mo máa ń sọ fún un, a ó bọ àwọn tá a jọ ń gbá lọ́wọ́, a ó jókòó.