Báwo ni òṣèré ayé Shakespeare ṣe ń mú òru wá lójú ọ̀sán?

Mò ń kọ àròkọ lórí Macbeth, eré tí Shakespeare kọ, mo fẹ́ fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é lóde òní wé bí wọ́n ṣe ṣe é ní tíátà Globe ní Lọ́ńdọ̀nù kí iná tó jó o ní 1613. Ohun tó dá mi dúró ni òkùnkùn. Nínú eré náà, òru ni wọ́n pa ọba Duncan, òru ni ìyàwó Macbeth ń rìn lójú oorun, bẹ́ẹ̀ ọ̀sán gangan ni wọ́n ń ṣeré, nínú ilé tí àárín rẹ̀ kò ní òrùlé, tí àwọn òǹwòran ń rí ojú ara wọn. Lóde òní, wọ́n kàn máa ń pa iná ni.

Mo ti ka àkọsílẹ̀ Simon Forman, ẹni tó wo eré náà ní Globe ní 1611. Ó sọ nípa iwin Banquo, ọ̀rẹ́ tí Macbeth ní kí wọ́n pa, tó wá jókòó sórí àga, ṣùgbọ́n kò mẹ́nu ba ìmọ́lẹ̀ rárá. Ìwé eré fúnra rẹ̀ ní kí Fleance, ọmọ Banquo, gbé ògùṣọ̀, kí ìyàwó Macbeth sì mú àbẹ́là lọ́wọ́. Globe tuntun tí wọ́n ṣí ní 1997 kò tú u fún mi, nítorí pé sinimá àti iná mànàmáná ti mọ́ àwọn òǹwòran ibẹ̀ lára.

Ǹjẹ́ ẹ mọ àkọsílẹ̀ òǹwòran kankan, ṣáájú 1642 tí wọ́n ti àwọn tíátà pa, tó sọ bóyá ògùṣọ̀ tí wọ́n tàn lọ́sàn-án mú un gbà lọ́kàn rẹ̀ pé ilẹ̀ ti ṣú?