Ọ̀sẹ̀ tí a já wọn lẹ́nu ọmú: kí lojú yín rí lára ọmọ ẹlẹ́dẹ̀?

Ọlọ́sìn Ìjẹ̀bú

Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń sin ẹlẹ́dẹ̀. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ tèmi, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í bú mi.

Lọ́dún tó kọjá, ìyá ẹlẹ́dẹ̀ méjì bímọ fún mi láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ọmọ 19 ló yè. Oníbàárà kan fẹ́ ra àwọn ìyá náà kíákíá, mo sì nílò owó, ni mo bá já gbogbo ọmọ lẹ́nu ọmú lọ́jọ́ 30. Mo kó wọn lọ sí àgọ́ mìíràn, mo da oúnjẹ tuntun síwájú wọn: àgbàdo, ẹ̀pà tí wọ́n ti fún òróró rẹ̀, àti sóyà tó pọ̀ gan-an. Èrò mi ni pé bí sóyà bá ṣe pọ̀ tó ni wọn yóò ṣe yára dàgbà tó. Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, wọn ò jẹ nǹkan gidi, ìyá wọn ni wọ́n ń ké pè. Lọ́jọ́ kẹta, ebi pa wọ́n, wọ́n jẹun bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣínu ààwẹ̀. Lọ́jọ́ kẹrin, ìgbẹ́ gbuuru dé. Omi lásán ni, ìdí wọn pọ́n, ojú wọn jìn wọnú.

Mo sáré lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ra oúnjẹ ẹran. Wọ́n ta ìyẹ̀fun kan fún mi nínú ọ̀rá, wọ́n ní kòkòrò rere ló wà nínú rẹ̀, pé yóò bá kòkòrò burúkú jà nínú ìfun. Wọ́n tún ta antibáyọ́tíìkì, oògùn tó ń pa kòkòrò, fún mi, wọ́n ní kí n po méjèèjì pọ̀ sínú omi. Èmi náà wá fi ọgbọ́n tèmi kún un: omi gbígbóná ni mo fi pò ó, kó lè yòrò dáadáa. Mẹ́fà kú. Nígbà tí dókítà ẹran dé, ó yẹ ara ọ̀rá náà wò, Lactobacillus, orúkọ kòkòrò rere náà, ni wọ́n kọ sí i. Ó ní, "Ẹ gba òṣìṣẹ́, ẹ fi omi gbígbóná wẹ̀ wọ́n, ẹ wá bu májèlé fún èyí tó ṣẹ́kù. Ìgbà wo ni wọ́n fẹ́ ráyè ṣiṣẹ́?"

Mo padà lọ bá ẹni tó tà á fún mi, ó ní omi kànga mi ni ò dáa. Ẹlẹ́dẹ̀ pàfọ̀ tán, ó ń wá ẹni rere tí yóò fara yí.

Ta ló ti lo irú nǹkan wọ̀nyí nínú yín tó sì rí i pé ó ṣiṣẹ́?

Ìyá Ológì, Abẹ́òkúta

Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ọlọ́run yóò fi òmíràn rọ́pò. Èmi ò mọ ìyẹ̀fun inú ọ̀rá o. Ògì ni mò ń tà láti ìgbà tí mo ti wọlé ọkọ. Eérí rẹ̀ ló sọ mí di ẹni tó ń sin ẹlẹ́dẹ̀, torí ta ni yóò máa da eérí nù lójoojúmọ́? Bí àwọn ọmọ bá ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tí wọ́n ṣì wà lábẹ́ ìyá wọn, mo máa ń bu omidùn díẹ̀ sí eérí, màá gbé e síbi tí ìyá ò ti ní dé. Imú ni wọ́n á kọ́kọ́ fi máa tú u ká. Tó bá pẹ́ díẹ̀, wọ́n á máa jà lé e lórí. Ìgbẹ́ gbuuru a máa ṣe wọ́n lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, n ò ní parọ́, àmọ́ kì í pa wọ́n lọ bẹ́ẹ̀.

Ọmọ mi obìnrin tó kẹ́kọ̀ọ́ ẹran ọ̀sìn ní FUNAAB ló là mí lóye. Ó ní ikùn ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ fúnra rẹ̀ kò tíì lè pèsè omi kíkan tó pọ̀ tó. Wàrà ìyá ló ń ràn án lọ́wọ́. Àwọn Lactobacillus inú rẹ̀ ń jẹ ṣúgà tó wà nínú wàrà, wọ́n ń sọ ọ́ di kíkan, ìkan yẹn ni kì í jẹ́ kí E. coli, kòkòrò tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru, ráyè. Ọjọ́ tí o bá já a lẹ́nu ọmú, ṣúgà yẹn tán nìyẹn. Àwọn tó ń jẹ ẹ́ á dín kù, inú ọmọ ò ní kan mọ́, E. coli á wá gbalé. Ìbátan àwọn Lactobacillus yẹn ló wà nínú omidùn, tàwọn ti ìkan tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀. Mo ní, "Ṣé ohun tí o lọ lo ọdún márùn-ún kọ́ nìyí? Ìyá mi mọ̀ ọ́n." Ó ní ìyá mi mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́, kò mọ ìdí rẹ̀ ni.

Ọmọ Òṣogbo ní Denmark

Ẹ ṣeun, mà. Oko ẹlẹ́dẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́ níbí láti 2019. Nígbà tí mo dé, zinc oxide ni gbogbo wa gbójú lé, ìyẹ̀fun funfun bí ẹfun. Dókítà ẹran ló máa ń kọ ọ́ fún wa, bíi kílò 3 nínú tọ́ọ̀nù oúnjẹ kan, fún ọ̀sẹ̀ méjì péré lẹ́yìn ìjálẹ́nu-ọmú. Ó ń ṣiṣẹ́, ẹ má tàn ara yín. Ìgbẹ́ á dì, ọmọ á jẹun. Àmọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ló ń bá ìgbẹ́ jáde, ìgbẹ́ náà la sì ń dà sí oko, ó wá ń kó jọ sínú ilẹ̀ lọ́dọọdún. Wọ́n tún rí i pé ó ń jẹ́ kí àwọn kòkòrò tí antibáyọ́tíìkì ò ràn mọ́ pọ̀ sí i. Àwọn ìjọba Yúróòpù fòfin de ìwọ̀n ńlá yẹn ní oṣù kẹfà 2022. Antibáyọ́tíìkì tí wọ́n ń fi sóúnjẹ kí ẹran lè tètè sanra ti kọ́kọ́ lọ ní 2006. Àwọn ará Sweden tilẹ̀ ti lé e lọ láti 1986.

Ẹ̀rù bà wá nígbà tí zinc fẹ́ lọ. Àwọn tó ń ta ọjà ń wá lójoojúmọ́ pẹ̀lú ọ̀rá oríṣiríṣi: yíìsì, ásíìdì, àwọn kòkòrò rere. Ọ̀gá mi ò tètè ra nǹkan kan. Sóyà ló kọ́kọ́ dín kù. Ó ní èyí tí ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ ò bá lè dà nínú ìfun kékeré, ìfun ńlá ló ń lọ, àsè ló sì ń jẹ́ fún àwọn kòkòrò burúkú tó wà níbẹ̀. Nítorí náà, ọ̀gbẹ́ni Ìjẹ̀bú, ẹ jọ̀wọ́ ẹ má bínú, ẹ̀yin gan-an lẹ bọ́ wọn. Lẹ́yìn náà ló fi ásíìdì sí omi wọn, ó fi ọkà bálì tí wọn ò lọ̀ kúnná kún oúnjẹ, ó sì ń jẹ́ kí ọmọ pẹ́ díẹ̀ sí i lábẹ́ ìyá. Síbẹ̀, àwọn ọ̀wọ́ kan wà tó jẹ́ pé dókítà ló gbà wọ́n. Ó tó ọdún kan kí ọwọ́ wa tó balẹ̀.

Alágọ̀ọ́ Méjì, Ìkòròdú

Èmi yóò ta kò yín díẹ̀. Mo dán kòkòrò rere wò, Bacillus, èyí tó ní èèpo líle bí irúgbìn, tí ooru ò tètè pa. Ọmọ 24 ni mo ní. Mo fi fún 12, n ò fún 12. Lẹ́yìn oṣù kan mo wọ̀n wọ́n, ìyàtọ̀ tí mo rí kò tó owó ọ̀rá kan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni mo máa ń já wọn o. Ó jọ pé ìfun wọn ti gbó kí n tó kó ọmọ ogun wọlé, ogun ò sí níbẹ̀ mọ́.

Ọmọ Òṣogbo ní Denmark

Ṣé àgọ́ méjèèjì jìnnà síra, sà?

Alágọ̀ọ́ Méjì, Ìkòròdú

Ògiri kan ló là wọ́n. Gọ́tà kan náà ló gba abẹ́ méjèèjì kọjá.

Ọmọ Òṣogbo ní Denmark

Ẹlẹ́dẹ̀ máa ń jẹ ìgbẹ́ ara wọn, sà. Àwọn tí ẹ ò fún náà ti lè rí tiwọn gbà láti inú gọ́tà.

Alágọ̀ọ́ Méjì, Ìkòròdú

Haa. Mo wá fi owó ara mi bọ́ gbogbo wọn.

Ará Ifẹ̀

Efinrin ni èmi máa ń gún sí tiwọn. Thymol inú rẹ̀ ń pa kòkòrò lóòótọ́, bó ṣe ń bá àwa náà tọ́jú inú rírun. Ẹ má dán ewúro wò ní tiyín. Mo dán an wò, wọ́n gbọ́ òórùn rẹ̀, wọ́n dà á nù pẹ̀lú abọ́.

Ọlọ́sìn Ìjẹ̀bú

Mo padà dé o, oṣù méjì rèé. Ìyá kan bí 11. N ò kánjú, ó di ọjọ́ 45. Ìyá ni mo kó lọ, mo fi àwọn ọmọ sílẹ̀ sínú àgọ́ tí wọ́n mọ̀. Mo dín sóyà kù, mo fi eérí kún un, mo ń fún wọn ní díẹ̀díẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin lójúmọ́. Inú méjì ṣí, mo fún wọn ní omi oníyọ̀ àti ṣúgà, wọ́n dìde. Kò sí èyí tó kú. Ẹ má bi mí pé èwo nínú gbogbo rẹ̀ ló ṣe é, torí ọjọ́ kan náà ni mo yí gbogbo ẹ̀ padà.

Ìyá Ológì, ẹ jọ̀ọ́, omidùn ọjọ́ mélòó ló dáa jù?

Ìyá Ológì, Abẹ́òkúta

Ọjọ́ kejì sí ìkẹta. Tó bá bu funfun lójú, tàbí tó ń rùn bí ẹyin, dà á nù. Má sì bù ú pọ̀ jù lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Ọlọ́sìn Ìjẹ̀bú

Èyí tó wà nílé wa ti di ọjọ́ márùn-ún, mà.

Ìyá Ológì, Abẹ́òkúta

Ṣé ẹ̀yin ṣì ń mu ògì abẹ́ rẹ̀?

Ọlọ́sìn Ìjẹ̀bú

A mu ún láàárọ̀ yìí, mà.

Ìyá Ológì, Abẹ́òkúta

Kí lo wá ń bi mí sí?